Kọ̀ǹpútà Tíṣà Ògúndípẹ̀

Ìtàn olóògbé Tíṣà Ògúndípẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ ni ti ọjọ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Àkàndé, olùbẹ̀wò ilé-ìwé, ti Àkúrẹ́ wá wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà ní Odode. Kò bá kọ̀ǹpútà kankan. Ọmọ mẹ́rin ló tò sójú pátákó.

“Kọ̀ǹpútà dà?”

“Òun ló ń wò yín yẹn, sà.”

Ayọ̀mípọ̀sí ni kíbọ́ọ̀dù. Òun ni èèyàn ń sọ ọ̀rọ̀ sí létí. Fọláyan ni ọpọlọ. Ó ń ṣírò, ó sì ń fi ìdáhùn pamọ́. Hàfsátù, ọmọ àgbàṣe kan tó ń ṣiṣẹ́ oko kòkó ní Atosin, ni ojú kọ̀ǹpútà. Òun ló ń sọ ìdáhùn síta. Olúlékè ni iná. Iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó dúró lọ.

Olùbẹ̀wò ní kí wọ́n sọ méjìlá di ìlọ́po mẹ́jọ. Fọláyan ń ṣírò lọ́wọ́ nígbà tí Olúlékè sáré jáde lọ tọ̀. Àwọn mẹ́ta tó kù jókòó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n káwọ́ gbera.

“Kí ló tún dé?”

“Iná ti lọ, sà,” ni Tíṣà wí. “Ẹ ní sùúrù. A kì í mọ ìgbà tó máa dé.”

Ọ̀gbẹ́ni Àkàndé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò dúró gbọ́ ìdáhùn, ṣùgbọ́n ó ṣèlérí pé kọ̀ǹpútà gidi ń bọ̀. Ó sọ ìtàn náà kiri gbogbo ọ́fíìsì Àkúrẹ́. Ìtàn rìn jìnnà. Kọ̀ǹpútà kò kúrò lójú kan.

Lọ́jọ́ mìíràn, Tíṣà fẹ́ kọ́ wọn bí irọ́ ṣe ń rìn lórí fóònù. Ó sọ fún ọmọ kan ṣoṣo pé kò ní sí ilé-ìwé lọ́la, ó ní kó fi ránṣẹ́ sí ẹni méjì, kí àwọn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kí aago ìjáde tó lù, bàbá kan ti gun ọ̀kadà dé, àdá lọ́wọ́ rẹ̀.

“Tíṣà, wọ́n ní ẹ ti ilé-ìwé pa fún oṣù kan. Ẹ kó ọmọ mi fún mi, kòkó wà nílẹ̀ tí a fẹ́ fọ́.”

“Irọ́ ni, bàbá.”

“Irọ́ kẹ̀? Ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sọ fún mi.”

Tíṣà kọjú sí kíláàsì. “Ẹ rí i? Láti Odode dé Atosin, ọjọ́ kan ti di oṣù kan.”

Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò àbáwọlé yunifásítì. Nígbà tó yá, Hàfsátù lọ ṣe tirẹ̀ ní Àkúrẹ́ láìfọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Ó dáhùn ìbéèrè díẹ̀, ó dúró díẹ̀ láti ronú, ojú kọ̀ǹpútà sì ṣú. Ká ní ó tẹ bọ́tìnì kan péré ni, ì bá tún mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ ọ ní ohun tí à ń ṣe bí iná bá lọ. Ó káwọ́ gbera, ó dúró de iná títí àkókò fi tán. Alábòójútó rò pé ó ti parí ni.

Gbogbo Odode fi í rẹ́rìn-ín. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín.

“Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀,” ni ó wí fún un.

Láti ìgbà náà ni Tíṣà ti ń lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Àkàndé, kọ̀ǹpútà ẹyọ kan ló ń tọrọ. Wọ́n á ní kó tún ìtàn iná yẹn sọ, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kó máa padà bọ̀. Orí bẹ́ǹṣì tó fi ń dúró dè wọ́n ni ẹ̀jẹ̀ ríru pa á sí.

Ọ̀gbẹ́ni Àkàndé wá síbi ìsìnkú. Ó dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí àwọn ọmọ ṣe kọ̀ǹpútà yẹn, kí ara tu àwọn èèyàn díẹ̀. Ayọ̀mípọ̀sí, Fọláyan àti Hàfsátù jáde síwájú. Olúlékè kò dìde. Àwọn mẹ́ta náà wò ó, wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n káwọ́ gbera.

“Ẹ̀yin ọmọ, kí ló dé?”

“Iná ti lọ, sà,” ni Hàfsátù wí.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Hàfsátù yóò tún ìdánwò yunifásítì náà ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Kò tíì sí kọ̀ǹpútà ní Odode. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé pósí dé ẹ̀bá sàréè, Fọláyan sọ nǹkan kan sí i létí. Hàfsátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ ọ́ síta fún Tíṣà.

“Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, sà.”