Aṣọ Funfun Lórí Ọgbà Gobnait

Láti ọjọ́ tí Gobnait ti wọlé ọkọ ní ẹsẹ̀ òkè yìí, kò sá aṣọ funfun sórí ọgbà ẹ̀gún rí. Aláwọ̀, kò burú. Funfun, ẹ̀gbẹ́ ààrò ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ fi ń rùn èéfín ní ṣọ́ọ̀ṣì títí ó fi kú. "Ẹja-yíyan ti dé o!" Bí wọ́n ṣe ń kí i nìyẹn.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ pé a kì í fi funfun pe èèyàn lásán. Nígbà tí òfin ọba Gẹ̀ẹ́sì ka Mísà léèwọ̀, tí wọ́n ń dọdẹ fádà bí ẹní ń dọdẹ ìkookò, aṣọ funfun lórí ọgbà yìí ni agogo àwọn Àgùdà. Fádà ti wọ̀lú, ni ó ń wí. Ó di ibi àpáta tó wà lẹ́yìn ọgbà. Àwọn èèyàn á yọ láti inú ìkùukùu, láìwọ bàtà, láìsọ̀rọ̀.

Ìgbà náà ti kọjá tipẹ́, ṣùgbọ́n Gobnait a máa rí wọn nínú ìkùukùu nígbà mìíràn. Tàbí àgùntàn ni.

Lọ́dún tó pé ẹni àádọ́rin, Tadhg ọmọ rẹ̀ gbé àáké. Ó fẹ́ gé ọgbà náà kí màlúù lè rọ́nà kọjá.

"Màmá, ṣọ́ọ̀ṣì wà nísàlẹ̀. Agogo wà. Ta ló tún ń wo ẹ̀gún yín?"

"Jẹ́ kí n bi wọ́n."

"Bi àwọn ta?"

Gobnait wọlé lọ. Ó yọ aṣọ funfun tó ti fi pamọ́ de ìsìnkú ara rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí ẹ̀gún. "Bí ẹnikẹ́ni ò bá wá kí agogo ọ̀sán tó lù, gé e. Mi ò ní sọ̀rọ̀."

Tadhg rẹ́rìn-ín. Ó jókòó ti àáké.

Òwúrọ̀ ń lọ. Aṣọ ń mí. Ìkùukùu ń gòkè, ó ń sọ̀. Kò sí ẹnìkan. Gobnait ń wò títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Agogo ọ̀sán lù nísàlẹ̀. Tadhg dìde, ó tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́.

Ọ̀pá kan ń kan òkúta. Fíonán ni, arúgbó etí odò, tí etí rẹ̀ ti di pátápátá. Fìlà lábíyá. Bàtà lọ́wọ́.

"Ìyá Tadhg, ṣé mo pẹ́ ni?"

Gobnait mi orí.

"Agogo ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ó tó ọdún márùn-ún tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Aṣọ yìí ni mo rí. Fádà ńkọ́?"

"Wọn ò tíì dé, ẹ̀gbọ́n!" Gobnait pariwo sí i létí.

"Kò burú. Wọ́n máa ń pẹ́."

Ó kúnlẹ̀ níwájú àpáta.

Tadhg wo àáké. Ó wo ẹsẹ̀ bàbá náà, tí ẹrẹ̀ bò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń tú okùn bàtà tirẹ̀.