Ògiri Yàrá Mi àti Sípíkà Ẹ̀yìn

Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ ọjọ́ náà ní Ìsàn-Èkìtì. Eruku funfun bo òkè tó yí ìlú ká, èèyàn ò rí orí ṣọ́ọ̀ṣì láti ojúde wa, òórùn igbó tí wọ́n ń jó lọ́nà oko sì ti wọ inú aṣọ tí mo sá sórí okùn. Ètè mi ti là, mo fi àdín pa á, mo ń fi ọwọ́ da kòkó tí mo sá sórí ẹní ká, nígbà tí bíríkìlà kan gbé òòlù wọlé. Kò kí mi. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá sínú pálọ̀, kò sì pẹ́ tí mo gbọ́ tó ń fi ọwọ́ gbá ògiri yàrá mi, gbà, gbà, bí ẹni tó ń wò ó bóyá elégédé ti gbó.

Àbúrò ọkọ mi ló pè é. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ìyàwó ilé rí, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa ń rí. Ọmọ tó bá ti wà nínú ilé kí wọ́n tó gbé wa wọlé, ọkọ wa ni, kódà kó ṣì máa tọ̀ sórí ẹní. Ẹ̀yìn mi lèyí sùn títí tó fi gbọ́n, síbẹ̀ n kò pe orúkọ rẹ̀ rí. "Ọkọ mi" ni mo ń pè é, "ẹ" ni mo sì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí mo fẹ́ kú, tí òun náà fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú ńlá, ó kó padà sí ilé bàbá wọn, ó sì gba pálọ̀. Yàrá mi ló tẹ̀ lé pálọ̀ náà, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa, inú pálọ̀ náà ni ìlẹ̀kùn mi sì ṣí sí. Mo kúnlẹ̀, mo kí i káàbọ̀. Láti ọjọ́ náà, ojú tí à ń fi wo ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ló fi ń wò mí.

Ohun tó kó dé ni rédíò ńlá kan tí wọ́n fi ń gbọ́ fíìmù. Ó ní sípíkà méje: mẹ́ta níwájú, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, méjì lẹ́yìn, pẹ̀lú àpótí dúdú kan tó ń kù nílẹ̀ bí àrá. Ó ní àwọn àwo fíìmù tó dára, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí wọ́n ha, ló bá ń da ohun tó wà nínú wọn kọ sínú kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ ló sì ti ń wò wọ́n. Wàhálà rẹ̀ ni pé sípíkà méjì tẹ̀yìn, àwọn tó kàn mọ́ ògiri mi, kò fọhùn. Márùn-ún ń pariwo, méjì yadi. Ó yí wáyà padà, ó gun àga, ó bú wọn bí ẹni ń bú ọmọ olórí kunkun. Ní tèmi, ara tù mí, torí ibi tí mo ń gbé orí sí sùn gan-an ni wọ́n wà. Àfi lọ́jọ́ kan tó jókòó tó ní ògiri ni kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ó ní pálọ̀ kúrú, ohùn ẹ̀yìn ń fẹ́ àyè, kí wọ́n wó ògiri náà, kí yàrá mi di ara pálọ̀.

"Ìyàwó, kó ẹrù rẹ lọ sí ilé ìdáná àtijọ́."

"Ọkọ mi, ilé ìdáná àtijọ́ ń jò."

"Ẹ̀ẹ̀rùn la wà. Òjò wo ló ń rọ̀?"

"Á dé, ọkọ mi. Òjò kì í gbàgbé Ìsàn."

Ó pòṣé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán, àfi bí mo ṣe rí bíríkìlà lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí. N kò pariwo. Mo gbé àpótí ìjókòó sẹ́nu ìlẹ̀kùn yàrá mi, mo jókòó sórí rẹ̀, mo sì ránṣẹ́ sí olórí ẹbí. Bàbá náà fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora wá, ó ń húkọ́. Ọkọ mi náà ti pe ẹlẹ́rìí tirẹ̀, ọkùnrin tó ta rédíò fún un ní Ìkọ̀lé, pé kó wá sọ fún ẹbí pé ògiri lẹ́bi. Ọ̀kadà ló gbé ọkùnrin náà wá, eruku sì sọ irun ojú rẹ̀ di ti arúgbó.

Ó wo ògiri, ó wo sípíkà. "Ẹ jẹ́ ká fi àwo gan-an sí i ná. Ẹ fi èyí tí ẹ kọ sínú kọ̀ǹpútà sílẹ̀."

Wọ́n fi àwo sí i. Igbó ló wà nínú fíìmù náà, ilẹ̀ ti ṣú níbẹ̀. Lójijì ni ẹnìkan ń tẹ ewé gbígbẹ lẹ́yìn orí olórí ẹbí. Bàbá fò dìde. "Ta ló wà lẹ́yìn mi?" Sípíkà ẹ̀yìn ló fọhùn. Bíríkìlà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ọkùnrin Ìkọ̀lé ní oríṣi ohùn méjì ló wà nínú àwo náà, ńlá àti kékeré. Kékeré kò ju ti sípíkà márùn-ún lọ, òun sì ni ọkọ mi ń dà kọ ní gbogbo ìgbà, tó ń fi ńlá sílẹ̀. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó tún un kọ, ó mú ohùn ńlá. Ó tún sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó má fọwọ́ kan ohùn náà, kó gbé e fún rédíò bó ṣe wà. Ó pẹ́ díẹ̀, a ti mu gààrì tán kó tó parí. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́, méjèèje sọ̀rọ̀. Ògiri mi gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó dúró.

Inú mi dùn, òmùgọ̀ tí mo jẹ́. Mo tún kúnlẹ̀. "Ẹ kú oríire, ọkọ mi."

Kò wò mí. Ó kọjú sí bíríkìlà. "Kí lò ń wò? Bẹ̀rẹ̀!"

Olórí ẹbí ní, "Ohùn ti jáde. Uṣẹ́ ti parí. Kí lẹ tún fẹ́ wó?"

Ìgbà yẹn ló tó wò mí. "Ulé baba mi ni. Ẹ̀gbọ́n mi ti kú. Kí ni obìnrin yìí ṣì ń dúró ṣe níbí?"

Ẹlẹ́rìí rẹ̀ tẹ orí ba, ó ń ká wáyà tí kò sẹ́ni tó ní kó ká. Olórí ẹbí dáhùn wẹ́rẹ́ pé, "Ìyàwó ẹbí ni, kì í ṣe ìyàwó òkú. Ẹni tó bá kan ògiri yẹn, èmi ló kàn." Bíríkìlà gbé òòlù rẹ̀ lọ.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn láti ìgbà náà. Ká ní sípíkà wọ̀nyẹn kò sọ̀rọ̀ ni, ǹ bá máa rò pé ohùn fíìmù ni ọkọ mi ń wá. Bóyá ǹ bá tiẹ̀ ti kó lọ sínú ilé ìdáná, kí n máa tu ara mi nínú pé ìrànlọ́wọ́ ni mo ṣe fún ẹbí. Ní báyìí, ẹni tó bá ní òun fẹ́ gba nǹkan mi nítorí nǹkan kan, mo máa ń kọ́kọ́ bá a wá nǹkan tó sọ náà. Tó bá rí i tán tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára tèmi, mo ti mọ ohun tó bá wá. Àwọn ọmọ mi gan-an, ojú yẹn ni mo fi ń wò wọ́n.

Ṣùgbọ́n àṣẹ olórí ẹbí kò yí i padà pé inú pálọ̀ ọkùnrin náà ni mo ń gbà kọjá kí n tó jáde lọ tọ̀. Nítorí náà, ní ọjọ́ kejì, mo lọ gbàṣẹ lọ́wọ́ bàbá, mo sì pe bíríkìlà tèmi láti Ìtàjí. Ó gbẹ́ fèrèsé mi tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé wá sílẹ̀, ó di ìlẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í to búlọ́ọ̀kù sí ojú ìlẹ̀kùn àtijọ́, èyí tó bọ́ sí pálọ̀. Ó ti tò ó dé àyà nígbà tí ọkọ mi yọ orí lókè rẹ̀.

"Ìyàwó! Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń dí ìlẹ̀kùn ni, ọkọ mi," ni mo wí, mo sì gbé búlọ́ọ̀kù tó kàn lé bíríkìlà lọ́wọ́.