Òtútù Ọ̀sán Nínú Yàrá Ìyá Ọkọ Mi

Nígbà tí ìyá ọkọ mi, tí mo ń pè ní Màámi, wá bá wa gbé ní Skokie, ní Amẹ́ríkà, mo ra àpótí kékeré kan tó ń ta iná tí ojú kì í rí, bíi ti rìmóòtù, kí n lè máa fi foonu darí àwọn ẹ̀rọ ilé láti ọsibítù tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Àpótí náà kò mọ ẹ̀rọ amúlétutù inú yàrá Màámi. Mo bá wá kóòdù rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí fáìlì tí ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí kọ, mo sì kó o sínú àpótí náà. Mo ní kó máa pa ẹ̀rọ náà ní aago méjìlá ọ̀sán, torí òtútù kì í bá Màámi lára mu.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ara ti ń fu mí. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, yàrá á ti tutù bí inú fíríìjì, Màámi á ti fi ìró méjì bora.

"Màámi, ṣé ẹ̀yin lẹ tan AC ni?"

"Èmi kọ́."

Ta wá ni? Ọkọ mi kì í tètè dé. Mo kọ́kọ́ fura sí ẹni tó kọ fáìlì yẹn, bóyá ó ti ń ti ọ̀nà jíjìn wọ ilé mi. Lẹ́yìn náà, mo fura sí Màámi. Òun náà kò jẹ oúnjẹ tí mo bá gbé sílẹ̀ fún un mọ́.

Lọ́jọ́ ìsinmi mi, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Kó tó di aago méjìlá, ó fi rìmóòtù pa ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Aago méjìlá lù, ẹ̀rọ dún pìì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Foonu mi sì ń sọ pé òun ti pa á.

Màámi yíjú, ó rí foonu lọ́wọ́ mi. "Mo mọ̀ pé ìwọ ni! Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe pa á mọ́ tó bá ti tàn. Tí o bá fẹ́ kí n máa lọ sílé, ṣebí o lẹ́nu, sọ ọ́!"

Ẹnu yà mí. Mo ṣí fáìlì náà lórí kọ̀ǹpútà, mo ka nọ́ńbà "tan" àti ti "pa" ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Bí ẹ̀rọ bá wà ní títàn, á pa á; bí Màámi bá ti pa á, á tún tàn án.

Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé.

"O rò pé mo ń purọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Ẹ forí jì mí."

"Mo ti ní kí ọkọ rẹ bá mi wá tíkẹ́ẹ̀tì. Màá sọ fún un kó fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n gbé àpótí yẹn kúrò nínú yàrá mi."

Mo gbé e kúrò lójú ẹsẹ̀.