Bàbá àgbà ò ríran, àmọ́ wọ́n mọ ohun tí Múfú ṣe sí Golf rẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu ṣì ń yà mí!

Èmi àti Múfú ọ̀rẹ́ mi ń jiyàn láàárọ̀ yìí: nínú Golf tèmi àti tirẹ̀, èwo ló di ilẹ̀ mú jù ní kọ́nà?

A ní kí bàbá mi àgbà bá wa dá ẹjọ́ náà. Mẹkáníìkì ni wọ́n kí ojú wọn tó fọ́.

A fi ọkọ̀ méjèèjì gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó sí Bẹẹrẹ, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

Wọ́n sọ fún mi pé, "Tìẹ le nídìí, àmọ́ ibi tó o bá yí i sí ló ń lọ. Múfú, tìẹ ń yọ̀ ní kọ́nà. Ta ló bá ẹ gé sìpíríǹgì iwájú kí ọkọ̀ lè wálẹ̀?"

"Bàbá! Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni!"

"Ìdí mi ló sọ fún mi. Lọ pààrọ̀ ẹ̀ kó tó pa ẹ́."

Múfú ti wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì báyìí.

Ta ló tún ní irú bàbá yìí nílé? Ẹ sọ tiyín kí n gbọ́.