Èbù Tí Ìyá Mi Gé Sórí Àpáta Pẹlẹbẹ

Òórùn méjì ló máa ń jí mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì Kérésìmesì nígbà tí mo wà ní kékeré: òórùn iṣu èlùbọ́ tó ti kan díẹ̀ nínú omi, àti òórùn bẹntiróòlù. Ìyá mi ló ni àkọ́kọ́, bàbá mi ló ni èkejì. Ìyá mi á ti gbé apẹ̀rẹ̀ iṣu rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà, bàbá mi á dúró ti alùpùpù rẹ̀ pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́, á máa bẹ̀bẹ̀ pé, "Ìyá Bọ́lá, ọjọ́ kan péré nínú ọdún ni mo ní kí o fún wa." Ìyá mi á dáhùn pé, "Lọ sọ fún ọyẹ́ pé kó dúró dè mí lọ́jọ́ kan péré yẹn." Èmi ni Bọ́lá tí wọ́n ń pè é mọ́. Orí ẹní ni mo máa ń wà tí n óò máa rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ̀ pé ìyá mi ló máa gbà nígbẹ̀yìn, kò sì ní gbà kí oòrùn tó yọ.

Àpáta Pẹlẹbẹ ni wọ́n ń jà lé lórí. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́njú láàárín Òmù-Àrán àti Ẹ̀síẹ̀ lásìkò wa ẹ ó ti gbọ́ nípa rẹ̀. Ẹ̀yìn ìlú wa ló tẹ́ sí, ó sì gbòòrò débi pé ẹni tó dúró ní ìpẹ̀kun kan kò lè mọ ojú ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun kejì. Kò sí koríko lórí rẹ̀, kò sí kòtò. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń sá èlùbọ́ níbẹ̀, nítorí òkúta náà máa ń gbóná láti ìsàlẹ̀ bí oòrùn ṣe ń mú láti òkè. Òfin kan ló wà níbẹ̀: ẹni tó bá sá iṣu ló ń kó o. Ẹlòmíràn tó bá fọwọ́ kàn án, olè ni. Ẹni tó bá fi bàtà tẹ̀ ẹ́, ìyẹn burú ju olè lọ.

Lọ́dún tí a gba òmìnira ni àwọn tíṣà, àwọn wolé-wolé àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ní alùpùpù kóra jọ síbẹ̀ láti fi sáré. Ọmọ ọwọ́ ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n bàbá mi sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń rò pé mo rí i. Láti ọdún náà, wọn kò pa á jẹ lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì. Wọ́n ń ti Ọ̀fà wá, wọ́n ń ti Ìgbàjà wá, àwọn kan tilẹ̀ ń ti Ìlọrin wá. Àwọn obìnrin á kó iṣu wọn, wọ́n á gbá àpáta náà mọ́ tónítóní pẹ̀lú èébú lẹ́nu, lẹ́yìn náà ni wọ́n á jókòó sí etí rẹ̀, wọ́n á sì pariwo ju gbogbo ènìyàn lọ. Bàbá mi, tíṣà ilé ìwé míṣọ́n, kò gba ipò kìn-ín-ní rí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣe ipò kejì, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ ipò kejì náà bí ẹni pé kò sí ẹni tó wà níwájú òun. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an lọ́jọ́ eré. Lọ́jọ́ yòókù, pàṣán ló ń bá a rìn.

Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀. A jó nílé ìwé, wọ́n sì sọ fún wa pé ọ̀nà títì ń bọ̀. Títì ń fẹ́ òkúta wẹ́wẹ́, kọngílá tó gba iṣẹ́ náà sì rí Àpáta Pẹlẹbẹ. Ó lọ bá Baálẹ̀, ó ní etí rẹ̀ lásán lòun fẹ́ gé. Baálẹ̀ gbà, torí ta ni kò fẹ́ títì? Lọ́sẹ̀ kejì, a rí àmì ọ̀dà pupa láti etí àpáta náà dé àárín rẹ̀, wọ́n sì ti fi ẹ̀tù fọ́ apá ibi tí oòrùn ti ń yọ. Ìró náà mú kí gbogbo kíláàsì wa wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì. Nígbà tí a sáré débẹ̀, ibi tí àwọn alùpùpù ti máa ń ṣẹ́rí padà ti di kòtò. Bàbá mi dúró létí rẹ̀. Ó kọ lẹ́tà mẹ́ta sí ìjọba ní Ìlọrin kí oṣù náà tó parí. Kò sí èsì.

Ìyá mi ń wò ó. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Bàbá Bọ́lá, bírò rẹ ń ṣiṣẹ́, mo rí i. Jẹ́ kí ọ̀bẹ tèmi náà ṣiṣẹ́."

Bàbá mi ní, "Ìwọ tí o kórìíra alùpùpù?"

"Mo ṣì kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi pẹ̀lú rẹ là ń jà lórí ibi kan. Ẹni tó fẹ́ gbé ibi náà lọ kò bá ẹnikẹ́ni nínú wa ṣọ̀rẹ́."

Ó wé gèlè, ó lọ bá Ìyá Ràmátù, ìyàwó Ààfáà àdúgbò wa, àwọn méjèèjì sì ń lọ láti agboolé dé agboolé pé kí àwọn obìnrin kó iṣu wọn jáde. Nígbà tí ọjọ́ Ajé tí lọ́rì kọngílá máa ń wá fi máa pé, iṣu ti bo àpáta náà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, funfun báláú.

Àwa ọmọbìnrin ni wọ́n ní ká máa lé ewúrẹ́, nítorí náà èmi ni mo kọ́kọ́ pàdé fọ́mánì, olórí àwọn òṣìṣẹ́ kọngílá, nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì. Ó ga, ó wọ bàtà rọ́bà tó dé orúnkún, ó sì ń bọ̀ tààrà. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n iṣu ìyá mi ló wà níwájú, ẹnu mi sì ṣáájú ọgbọ́n mi. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú àárọ̀, sà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi bàtà tẹ oúnjẹ."

Ó wo ilẹ̀, ó wò mí. Yorùbá ni, ìyá tirẹ̀ náà á ti sá èlùbọ́ rí. Ó bọ́ bàtà. Ìgbà tó bọ́ ọ tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé kò sí ibi tí òun máa gbé ẹsẹ̀ lásán náà sí. Ó yíjú sí àwọn lébìrà rẹ̀, ó ní, "Ẹ kó o kúrò!" Kò sẹ́ni tó mira. Ọmọ ìlú wa ni gbogbo wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọ̀gá, ti ìyá mi ló wà níbẹ̀ yẹn. Ṣé kí n ja ìyá mi lólè ni?"

Fọ́mánì bi ìyá mi léèrè pé, "Ìyá, ìgbà wo ni yóò gbẹ?"

"Bí oòrùn bá ṣe fẹ́ ni, ọmọ mi."

Iṣu kì í pẹ́ gbẹ nínú ọyẹ́, èyí tó bá sì ti gbẹ, kíkó ni wọ́n ń kó o. Nítorí náà, bí agboolé kan bá ń kó tirẹ̀, agboolé mìíràn á ti ru tiwọn dúró. Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn mùsùlùmí ló ń ṣọ́ ọ kí a lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwa la ń ṣọ́ ọ fún wọn. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni lọ́rì ń wá, gbogbo ọjọ́ Ajé náà ló ń padà. Ṣùgbọ́n iṣu ìlú kì í ṣe omi odò. Ó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, abà ti ń ṣófo, àwọn obìnrin kan sì ti ń sọ pé ó tó gẹ́ẹ́.

Mo ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà, mo bá ìyá mi nídìí èbù. Ẹ̀yin ọmọ àgbẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ: iṣu kéékèèké tí a fi pamọ́ láti gbìn. Ebi tó le ni ènìyàn fi ń jẹ èbù. Ìyá mi ń bó o. Bàbá mi wọlé, ó lọgun: "Kí la máa gbìn?" Ìyá mi kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké." Ó mú iṣu mìíràn. Mo bú sẹ́kún. Bàbá mi bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó mú ọ̀bẹ, ó jókòó tì í. Kò mọ iṣu bó, ó ń gé ara iṣu mọ́ èèpo, ìyá mi kò sì bá a wí. Nígbà tí àwọn obìnrin yòókù gbọ́, àwọn náà lọ sídìí èbù tiwọn.

Lọ́jọ́ Ajé, fọ́mánì lóṣòó síwájú àwọn ègé wẹ́wẹ́ náà. Ó ní, "Ìyá, èbù lẹ gé yìí?"

"Òun ni."

Ó dìde, ó ní òun á sọ fún ọ̀gá òun pé òkè mìíràn wà lọ́nà. Wọn kò padà wá mọ́. Títì wa dé, òkúta ibòmíràn ni wọ́n fi ṣe é. Títí bàbá mi fi kú ló ń sọ pé lẹ́tà kẹta ló lé wọn lọ, ìyá mi á sì ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, tíṣà."

Gbágùúdá la jẹ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Mo bínú sí ìyá mi gidigidi. Mo sọ fún un lójúkojú pé àpáta kì í ṣe oúnjẹ. Kò nà mí. Ó ní, "O ó jẹun yó lọ́jọ́ kan, o ó sì mọ ohun tí ebi yìí rà."

Mo ti dàgbà ju ìyá mi ìgbà náà lọ báyìí. Ìlọrin ni mò ń gbé, inú láílọ́ọ̀nù ni mo ti ń ra èlùbọ́. Lóṣù tó kọjá, àbúrò mi pè mí pé àwọn awakùsà ti gbé ìwé àṣẹ dé, Àpáta Pẹlẹbẹ ni wọ́n fẹ́ wà. Mo jókòó, mo kọ lẹ́tà. Ọmọ bàbá mi kúkú ni mí. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, ojú tì mí. Nígbà tí mo jẹ́ ọmọ tó ń sunkún nítorí èbù, mi ò mọ ohun tí ebi yẹn rà. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí, mo ti jẹun yó, síbẹ̀ mi ò tíì fi ohun kan sílẹ̀ fún àpáta náà rí.

Mo ti di ẹrù mi. Àwọn obìnrin ìlú ti tún bẹ̀rẹ̀ sí sá iṣu, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ. Àwọn ọmọ mi ní ẹ̀yìn tó ń dùn mí ńkọ́. Mo ní kò sí ohun tó kan ẹ̀yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Jíjókòó ni mò ń lọ jókòó síbẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ fọ́ àpáta náà, èmi ni yóò kọ́kọ́ gbé.