Ọwọ́ Tí Kò Lè Pàtẹ́wọ́

Ìgbà òjò ni ọwọ́ mi kọ́kọ́ wú. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Tchamba nígbà náà, n kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Bí mo bá jí láàárọ̀, ìka mi á ti le gan-an, n kò ní lè dì í, n kò ní lè fún aṣọ, àfi tí oòrùn bá ràn dáadáa. Ìyá mi, tó ń gbé ní Kambolé, sọ pé omi tútù tí mo fi ń wẹ̀ ló fà á. Ó yọ́ òrí, ó fi ra gbogbo oríkèé mi, ó ní, "Ọyẹ́ ń bọ̀. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, wíwú náà á lọ."

Ọyẹ́ dé. Ìgbà náà gan-an ni mo wá mọ ohun tí ń jẹ́ ìrora.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí ọsibítù ní Sokodé. Dókítà tẹ ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gba ẹ̀jẹ̀ mi. Nígbà tí mo padà lọ gba èsì, ó ní:

"Madamu, làkúrègbé yìí kì í ṣe ti àgbàlagbà. Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àìsàn jà fún wa. Tiyín ti ṣìnà, oríkèé yín ló ń bá jà."

"Ṣé òtútù ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀?"

"Òtútù kọ́ ló dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ aláìsàn ló ń sọ pé bí ojú ọjọ́ bá ti yí padà, ó máa ń le sí i. Bó ṣe ń ṣe é, àwa náà kò tíì mọ̀ ọ́n tán."

Ó fún mi ní oògùn, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ní èdè Faransé pé kí n má ṣe dúró nínú òtútù.

Nínú ọyẹ́ yẹn náà ni Ààrẹ fẹ́ gba ìlú wa kọjá. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí wọ́n fi to gbogbo wa sí etí títì, tiṣà àti ọmọ ilé ìwé, nínú aṣọ tí àwòrán rẹ̀ wà lára. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la ti fi kọ́ orin ìyìn dípò ìṣirò. Ọ̀rẹ́ mi, tiṣà kan tí mo mú bí àbúrò, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òun ló máa ń bá mi so ìró láàárọ̀ tí ìka mi bá le.

Nígbà tí àwọn ọkọ̀ dé, gbogbo èrò pàtẹ́wọ́. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo kọrin, ṣùgbọ́n n kò lè pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀. Àwọn ọkọ̀ náà kò tilẹ̀ dín eré kù.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá kan nínú ẹgbẹ́ òṣèlú ìjọba ránṣẹ́ pè mí. Ọ̀rẹ́ mi ti wà níbẹ̀ kí n tó dé.

"Kí ló dé tí o kò pàtẹ́wọ́ fún Ààrẹ?"

Mo fi ọwọ́ mi hàn án, mo fún un ní ìwé dókítà. Ó kà á, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọyẹ́! Ṣé ọyẹ́ náà ti di ọ̀tá ìjọba ni?" Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ mi. "Ṣé ọwọ́ ń dùn ún lóòótọ́?"

Ọ̀rẹ́ mi wo ilẹ̀. "N kò mọ̀, ọ̀gá. Mo máa ń rí i tó ń kọ̀wé sára pátákó."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti gbé iṣẹ́ tiṣà mi lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Koussountou. Ilé ìwé ibẹ̀ kò ní ògiri. Òjò ń fọ́n sí wa lára, ọyẹ́ ń fẹ́ wọlé. Ọdún mẹ́rin ni mo lò níbẹ̀, oògùn á sì ti tán tipẹ́tipẹ́ kí n tó rí alùpùpù tó máa gbé mi lọ gba òmíràn. Nígbà tí ìka mi wọ́ tán, tí n kò lè di ẹfun ìkọ̀wé mú mọ́, wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Ìyá mi tó yẹ kí n máa tọ́jú ló tún ń gún iyán fún mi, tó ń fọ aṣọ mi.

Lọ́dún kan, ọ̀rẹ́ mi rí mi ní ọjà Tchamba. Ó ti di ọ̀gá ilé ìwé. Ó na ọwọ́ sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀rù ló bà mí."

N kò na tèmi. Ó rò pé inú ló ń bí mi. Inú ń bí mi lóòótọ́. Ọwọ́ náà sì ń dùn mí.