Ẹni Tó Ra Eyínfúnjowó

Nígbà tí Victoria wọ ilé Májẹ́kódùnmí ní Ìbà gẹ́gẹ́ bí ìyàwó Súnkànmí, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ìyàwó dé. Kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ìyá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn nìyẹn: ìyàwó kì í la ẹnu pe ọmọ ilé ọkọ ní orúkọ tí bàbá sọ ọ́. Ó ní láti wo ọmọ náà dáadáa, kí ó sì fi ohun tó rí lára rẹ̀ sọ ọ́ ní orúkọ tuntun. Múyìwá, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ga bí òpó, di Agùntáṣọọ́lò. Ọláyẹmí, àbígbẹ̀yìn ilé, tí eyín rẹ̀ máa ń tàn bó bá rẹ́rìn-ín, di Eyínfúnjowó.

Kì í ṣe Victoria ló kọ́kọ́ dá orúkọ yẹn sílẹ̀ láyé. Àwọn ìyàwó ti ń sọ ọ́ kí wọ́n tó bí i. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò yẹn, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Kódà oníbúrẹ́dì ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í pe Ọláyẹmí bẹ́ẹ̀. Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀, a sì máa sọ fún àlejò pé, "Ìyàwó mi lẹ́nu. Ẹnu rẹ̀ dùn ju oyin lọ."

Ẹ̀yìn ìyẹn ni Múyìwá gbé Peace wálé.

Peace kò sọ ẹnikẹ́ni lórúkọ. "Àǹtí Yẹmí" ló ń pe Ọláyẹmí, "Bùrọ̀dá" ló ń pe Súnkànmí. Victoria fúnra rẹ̀, "Mọ́mì Ọ̀rẹ́" ló ń pè é nítorí Ọ̀rẹ́olúwa ọmọ rẹ̀. Victoria rò ó nínú ara rẹ̀ pé ọmọ ìsinsìnyí ni, kò lẹ́nu. Ó fẹ́ràn rẹ̀ nígbà yẹn. Ó rọrùn láti fẹ́ràn ẹni tí kò lè gba ohun tí a ní lọ́wọ́ ẹni.

Iṣẹ́ wo wá ni Peace ń ṣe? Orúkọ ló ń tà.

Ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Peace gbé fóònù lé itan, ó ń ṣàlàyé fún Màmá.

"Màmá, ẹ wò ó. Gbogbo ẹni tó bá ní ìkànnì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ní orúkọ tí èèyàn fi ń wá a kàn, bíi nọ́ńbà ilé. Ọdọọdún ni wọ́n ń sanwó orúkọ ọ̀hún. Ẹni tó bá gbàgbé tí ò san án, wọ́n á gbé orúkọ rẹ̀ lọ sí gbàǹjo lórí íńtánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ń rà á lówó pọ́ọ́kú. Tó bá yá, ẹni tó nílò rẹ̀ á yọjú, màá sì tà á fún un lówó gidi."

"Orúkọ lásán?"

"Orúkọ lásán, Màmá."

Màmá mi orí. "Kò wúwo, kì í rà. Ọjà rere ni."

Kò pẹ́ tí ọjà rere náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fojú hàn. Peace ló kun pálọ̀. Peace ló sanwó iṣẹ́ abẹ ojú Màmá. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí aṣọ kúrò lójú Màmá, gbogbo ilé dúró yí i ká, Màmá sì ní, "Ìyàwó mi dà?"

Victoria sún mọ́ ọn. "Mo wà níbí o, Màmá."

"Kì í ṣe ìwọ, Ìyá Ọ̀rẹ́," ni Màmá wí, ó na ọwọ́ kọjá lára rẹ̀. "Ìyàwó mi ni mò ń pè."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Victoria lára bí ẹ̀gún, kò sì jáde mọ́. Ó gbé e dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìyànà-Ìbà, níbi tó ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Ẹ̀rọ rẹ̀ ti gbó. Ó máa ń fa ìlà dúdú gbọọrọ sí àárín ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ á mú ìwé, á wò ó, á sì kọjá sí ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú. Àmọ́ ó ti ń dá àjọ láti ra tòkunbọ̀ mìíràn ní Àlàbà, owó náà sì ti pé. Mùsítúrà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta fóònù ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ti bá a lọ yan ẹ̀rọ náà.

"Tí mi ò bá pààrọ̀ ẹ̀rọ yìí lọ́dún yìí," Victoria ti sọ fún un, "ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yìí ni màá tì."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kọ́ ló ń sọ mọ́ báyìí.

"Mùsítúrà, èmi tí mo lè jókòó síbí kí n sọ gbogbo ará Ìyànà-Ìbà lórúkọ! Òun tí kò lè sọ ọmọ ewúrẹ́ lórúkọ ni orúkọ wá sọ di olówó?"

"Ìyá, kì í ṣe ẹni tó ń sọ ọ́ ló ń tà á," ni Mùsítúrà dáhùn. "Ṣé ẹni tó gbin àgbàdo ló ń sun ún létí títì ni?"

Victoria pòṣé. Ó fẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá òun bínú ni, kì í ṣe kó máa pa òwe àgbàdo.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, tí gbogbo ilé péjọ fún àdúrà, Peace nawọ́ sókè.

"Ẹ bá mi fi orúkọ kan sádùúrà. Ọjọ́bọ̀ ni gbàǹjo rẹ̀ máa parí. Ọkùnrin kan tó ń di pákò sínú páálí, tó ń kó o lọ sókè òkun, ti ní òun á rà á lọ́wọ́ mi. Eyínfúnjowó ni orúkọ náà."

Ọláyẹmí pariwo. "Orúkọ mi! Peace, o fẹ́ tà mí?"

"Mo fẹ́ tà yín, Àǹtí Yẹmí. Ẹ ò dẹ̀ ní wọ́n rárá."

"Olóríburúkú!"

Ẹ̀rín sọ. Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Ìyàwó mi á gbé orúkọ ilé yìí dé ìlú òyìnbó!" Kò sí ẹni tó wo Victoria. Kò sí ẹni tó rántí béèrè pé ta ló sọ ọ́.

Victoria bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó wí nínú ara rẹ̀: Ẹnu òun ni orúkọ yẹn ti jáde, kò ní bọ́ sápò Peace.

Lọ́jọ́ Ajé, ó ní kí Mùsítúrà bá òun forúkọ sílẹ̀ ní ọjà gbàǹjo náà, ó sì kó owó àjọ rẹ̀ sórí káàdì.

"Owó ẹ̀rọ ńkọ́?" ni Mùsítúrà bi í.

"Màá tà á fún oní-pákò yẹn, màá fi ra ẹ̀rọ méjì."

"O mọ oní-pákò náà?"

"Ẹni tó bá nílò orúkọ á wá a kàn," ni Victoria wí, kò sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Peace lòun ń tún sọ.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, kò sí iná ní Ìbà. Ta ló tún yọjú sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án bí kò ṣe Peace?

"Mọ́mì Ọ̀rẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n ki fóònù mi bọ iná jẹnẹrétọ̀ yín. Gbàǹjo ọ̀hún ti fẹ́ parí."

"Jókòó, ìyàwó."

Peace jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Victoria jókòó sẹ́yìn tábìlì, fóònù tirẹ̀ wà lórí itan, lábẹ́ ìdì pépà. Gbàǹjo yẹn kì í fi ojú oníbàárà hàn. Nọ́ńbà lásán ni wọ́n fi ń pe kálukú. Peace fi owó lé e. Victoria fi owó lé ti Peace.

"Ẹnì kan ń bá mi fà á o."

"Ta ni?"

"Wọn kì í sọ. Ó lè jẹ́ ará Íńdíà."

"Àwọn ará Íńdíà náà!" ni Victoria wí, ó sì tún tẹ fóònù.

"Háà! Ó tún ti lé e! Mọ́mì Ọ̀rẹ́, ṣé ẹni yìí ò lẹ́ni tó lè bá a wí nílé ni?"

Gbogbo ìgbà tí Peace bá pòṣé ló ń dà bí omi tútù lọ́fun Victoria. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wọlé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, Victoria kò gbójú sókè. "Ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́," ló wí. Ó tún tẹ fóònù. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

Ni Peace bá gbé fóònù rẹ̀ kalẹ̀. "Ó tó."

"Kí ló tó?"

"Kí n tó jókòó ni mo ti mọ iye tí màá ná dé. Ó ti kọjá ibẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ìbínú ná ọjà, ẹ jẹ́ kó gbé e lọ." Ó na ọrùn wo òdìkejì títì. "Ṣé kí n ra bọ̀ọ̀lì fún yín?"

Victoria wo ojú fóònù. Nọ́ńbà tirẹ̀ nìkan ló dúró. Kò sí ẹni tó ń bá a fà á mọ́, kò sì sí ibi tí èèyàn lè tẹ̀ láti sọ pé òun ò rà mọ́. Àkókò pé, wọ́n gba owó. Ohun tó kù nínú owó àjọ kò lè ra ju tónà, tàdáwà ẹ̀rọ, lọ. Ó jẹ bọ̀ọ̀lì tí Peace rà fún un, kò mọ adùn rẹ̀.

Ó fi orúkọ náà lọ àwọn tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún títà. Kò sí ẹni tó béèrè rẹ̀. Nílé, Peace kì í yé dárúkọ oní-pákò. "Ọkùnrin yẹn ṣì ń pè mí. Tí mo bá lè mọ ẹni tó rà á, màá mú wọn pàdé, a ó jọ pín èrè. Ṣùgbọ́n onítọ̀hún ti bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀."

Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ á dé orí ahọ́n Victoria. Á la ẹnu, Màmá á pe "Ìyàwó mi!", ẹnu á sì tún pa dé.

"Lọ bá a," ni Mùsítúrà ń wí. "Gbólóhùn kan péré ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò wá síbí mọ́ o."

"Kí n lọ sọ pé èmi ni ará Íńdíà? Kí wọ́n máa fi mí dá àpárá nídìí àdúrà?"

Nígbà tí ọdún yípo, ìkìlọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sórí fóònù rẹ̀ pé kó sanwó orúkọ náà bí kò bá fẹ́ kó bọ́. Owó náà kò pọ̀. Victoria wò ó, ó sì pa ìkìlọ̀ náà rẹ́. Ó mọ̀ pé orúkọ tí èèyàn bá gbàgbé ni wọ́n ń gbé lọ sí gbàǹjo. Ṣùgbọ́n òun kò gbàgbé tirẹ̀; òun mọ̀ọ́mọ̀ pa á ni. Ohun tí a bá fọwọ́ ara wa pa ti kú nìyẹn. Bí òun ò bá jẹ ẹ́, Peace náà kò ní í jẹ ẹ́. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ṣùgbọ́n gbàǹjo kì í béèrè bóyá èèyàn gbàgbé ni tàbí ó bínú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú mìíràn, Peace dìde láti jẹ́rìí.

"Eyínfúnjowó yẹn padà sí gbàǹjo. Mo ti ń ṣọ́ ọ láti ọjọ́ náà. Kò sí ẹni tó bá mi ná an rárá. Owó ìbẹ̀rẹ̀ ni mo fi rà á, oní-pákò sì ti sanwó lánàá."

Màmá bẹ́ sílẹ̀, ó ń jó. Ọláyẹmí gbá Peace mọ́ra, ó ní, "O tà mí lóòótọ́!" Victoria di apá àga mú.

"Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà fún ẹnì kan," ni Peace wí, ó ti di ojú. "Ẹni tó fi orúkọ yẹn sílẹ̀ fún mi. N ò mọ̀ ọ́n, kò mọ̀ mí. Ohunkóhun tó bá sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ yìí, Olúwa, dá a padà fún un ní ìlọ́po méje."

"Àmín!" ni gbogbo ilé dáhùn.

Àmín Victoria ló ròkè jù. Ó ròkè tó bẹ́ẹ̀ tí Ọ̀rẹ́olúwa fi lajú wo ìyá rẹ̀.

"Ẹ ò rí i?" ni Màmá wí, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ẹ wo bí inú ìyálé ṣe ń dùn sí oríire ìyàwó rẹ̀."

Victoria kò la ojú. Ó tún ṣe Àmín lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá Ọlọ́run kò gbọ́ ti àkọ́kọ́.